Ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n tó ra ìyẹ̀fun CNT (carbon nanotube) sínú rẹ́síìnì, Abẹ́òkúta

Fáíbà Láfẹ́nwá

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Iṣẹ́ fáíbà ni mò ń ṣe ní Láfẹ́nwá: bọ́ńpà ọkọ̀, táǹkì omi, àti ọkọ̀ ojú omi kéékèèké fún àwọn apẹja odò Ògùn. Oníbàárà mi kan tó máa ń gbé dísù lọ fún àwọn olóko ọ̀nà Ọ̀dẹ̀dá ní kí n bá òun ṣe táǹkì fáíbà tí òun á máa gbé sẹ́yìn pickup. Ó ní táǹkì irin ń dípẹtà, ó sì wúwo jù.

Mi ò tíì gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Epo tó bá ń ṣàn kọjá nínú fáíbà àti rọ́bà máa ń kó státíìkì jọ, àgàgà lásìkò ọyẹ́. Iná tó máa ń ta pàrà nígbà téèyàn bá ń bọ́ aṣọ nálọ́ọ̀nù lóru, mi ò fẹ́ kó ta lẹ́nu táǹkì epo.

Ẹnì kan wá ń polówó ìyẹ̀fun dúdú kan fún mi lórí WhatsApp. Carbon nanotube lorúkọ rẹ̀, CNT ni wọ́n ń gé e kúrú sí. Ó ní tí n bá ti da ṣíbí kan sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ́síìnì, ìyẹn omi tó ń dì tí a fi ń lẹ fáíbà, táǹkì náà á le ju irin lọ, státíìkì ò sì ní dúró sára rẹ̀ mọ́. Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa rẹ̀, ṣé òótọ́ ni? Báwo ni wọ́n ṣe ń pò ó, mélòó ni wọ́n sì ń dà sí i?

Àǹtí Físíìsì, Ọbáńtokò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ìdajì òótọ́ ni onítọ̀hún sọ fún yín.

Kábọ́nù ni CNT, bí èédú àti inú pẹ́ńsù ṣe jẹ́ kábọ́nù, àmọ́ àwọn átọ́ọ̀mù tiẹ̀ to ara wọn di ọ̀pá tó níhò nínú. Èyí tí ògiri rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan fẹ̀ tó nǹkan bíi nánómítà 1. Èyí tó ní ògiri púpọ̀, tí wọ́n ń pè ní MWCNT, lè fẹ̀ láti 5 dé 50. Fọ́nrán irun orí èèyàn tó nǹkan bíi nánómítà 80,000. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Soviet ti tẹ àwòrán irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ jáde lọ́dún 1952, ṣùgbọ́n ohun tí Sumio Iijima kọ lọ́dún 1991, nígbà tó ń ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ NEC ní Tsukuba nílẹ̀ Japan, ló mú kí gbogbo ayé gbájú mọ́ ọn.

Ní ti líle, lọ́dún 2000 àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà di ọ̀pá MWCNT kọ̀ọ̀kan mú ní orí àti ìdí, wọ́n sì fà á títí ó fi já. Agbára tó gbà kó tó já bẹ̀rẹ̀ láti gigapascal 11, ó dé 63. Rọ́ọ̀dù tí à ń fi kọ́lé ò tó 1. Ibẹ̀ ni àwọn ọlọ́jà ti rí "ó le ju irin lọ" mú. Ṣùgbọ́n ọ̀pá kan ṣoṣo ni wọ́n fà níbẹ̀ o, wọn ò fa táǹkì. Tẹ́ ẹ bá da ìyẹ̀fun yẹn sínú rẹ́síìnì, àwọn ọ̀pá náà á fà mọ́ra wọn, wọ́n á sì ṣe kókó bí àmàlà tí wọn ò rò dáadáa. Dírílì tí ẹ fi ń po rẹ́síìnì ò lè tú kókó yẹn. Ibi tí kókó bá sì wà, ibẹ̀ ni fáíbà á ti bẹ̀rẹ̀ sí í sán. Ara CNT tún ń yọ̀, rẹ́síìnì kì í dì í mú bó ṣe yẹ, torí náà ẹrù tẹ́ ẹ retí pé kó gbé á yọ̀ kúrò lára rẹ̀. Nínú iṣẹ́ yín, mat, aṣọ fáíbà tí ẹ ń tẹ́, ló ń gbé ẹrù, òun náà ni yóò ṣì máa gbé e.

Ti iná ló yàtọ̀. Ọ̀pá yìí gùn ju bó ṣe fẹ̀ lọ ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún, nígbà mìíràn ẹgbẹ̀rún, torí náà díẹ̀ nínú rẹ̀ ti tó kí wọ́n fi fọwọ́ kan ara wọn láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì, iná á sì rọ́nà gbà. Nínú epoxy, irú rẹ́síìnì kan, tí wọ́n bá pò dáadáa, kì í tó 0.1% tí iná fi ń bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá. Nínú pílásítíìkì tí wọ́n yọ́, 1% sí 5% ni wọ́n sábà ń lò. Carbon black, ìyẹ̀fun dúdú tó wà nínú táyà, lè gbà tó 10% sí 20% kó tó ṣe iṣẹ́ kan náà, nígbà yẹn pílásítíìkì ọ̀hún á ti máa ṣẹ́ wẹ́wẹ́. Ẹni tó bá ra CNT nítorí státíìkì mọ ohun tó ń rà. Ẹni tó bá rà á kí fáíbà lè le, owó rẹ̀ ló ń sọ nù.

Akẹ́kọ̀ọ́ Òjéèrè

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo já lù yín. Pólì ní Òjéèrè ni mo wà, ẹ̀ka ẹ̀rọ iná. Iṣẹ́ àṣekágbá mi dá lórí awọ fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi CNT nìkan ṣe. Mo fẹ́ lò ó bíi hítà nínú ẹ̀rọ tó ń bá adìẹ sàba. Gílóòbù ni ọ̀pọ̀ olóko adìẹ ń lò lápá Alábàtà, ẹyin tó wà lábẹ́ gílóòbù á gbóná jù, èyí tó wà létí á tutù, bẹ́ẹ̀ nǹkan bíi 37.5°C ló yẹ kó wà fún ọjọ́ 21. Ṣé mo lè ṣe awọ yìí láìní ẹ̀rọ ńlá?

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Jámánì

Mo kí gbogbo ilé o. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe pílásítíìkì fún ọkọ̀ ni mo wà níbí, a sì ń lo CNT.

Bọ̀ọ̀dá Láfẹ́nwá, ohun tó ń dà yín láàmú gan-an ló mú kí àwọn oníṣẹ́ ọkọ̀ kọ́kọ́ rà á. Láti bíi ọdún 1990 sókè ni wọ́n ti ń po MWCNT mọ́ nylon tí wọ́n fi ń ṣe páìpù epo ọkọ̀, kí státíìkì má bàa jọ síbẹ̀ nígbà tí pẹtiróòlù ń sáré kọjá. Wọ́n tún ń fi sínú pílásítíìkì ìgbátí ọkọ̀ kí ọ̀dà tí wọ́n ń fi iná fọ́n lè lẹ̀ mọ́ ọn. Lónìí, inú bátìrì lithium ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ń wọ̀ lọ, torí ó ń jẹ́ kí iná rí ọ̀nà gbà láàárín àwọn èròjà inú bátìrì. Kódà ọkọ̀ òfuurufú Juno tí NASA rán lọ sí Júpítà lọ́dún 2011 gbé awọ CNT dání nítorí státíìkì yìí náà. Ẹ ṣàkíyèsí pé iṣẹ́ iná ni gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí.

Ẹ má ra ìyẹ̀fun rẹ̀. Ohun tí ilé iṣẹ́ wa ń rà ni èyí tí wọ́n ti pò sínú rẹ́síìnì tàbí pílásítíìkì tẹ́lẹ̀, masterbatch ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀rọ onírólà mẹ́ta ni wọ́n fi ń lọ̀ ọ́: rólà kọ̀ọ̀kan ń yí ní ìyára tirẹ̀, àlàfo àárín wọn kéré gan-an, rẹ́síìnì á sì máa gba ibẹ̀ kọjá léraléra títí kókó á fi tú. Ẹ ò ní irú ẹ̀rọ yẹn ní ṣọ́ọ̀bù, kò sì pọn dandan kẹ́ ẹ ní in. Ẹ béèrè èyí tí wọ́n pò sínú polyester, kì í ṣe sínú epoxy, torí rẹ́síìnì méjèèjì ò bá ara wọn lò.

Ohun kejì: ẹ má dà á sínú gbogbo rẹ́síìnì. Ó máa ń mú kí rẹ́síìnì ki, rẹ́síìnì tó bá sì ki kì í wọnú mat, ẹ máa rí ojú funfun funfun níbi tí kò dé. Mat náà á tún máa sẹ́ CNT, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ á dúró lójú òkè, inú á ṣófo. Inú gelcoat nìkan ni kó wọ̀, ìyẹn awọ àkọ́kọ́ tó máa kọjú sí epo. Ojú ibi tí epo ti ń kan táǹkì ni státíìkì ti ń jọ. Kí gelcoat náà ní ibi tó ti kan irin, bóòtù tàbí fìlánjì, kí wáyà earth sì ti ibẹ̀ lọ sára ṣáńsìì ọkọ̀ àti sára ohun tí ẹ fẹ́ fa epo láti inú rẹ̀. Láìsí earth, táǹkì tó ń gbé iná léwu ju èyí tí kò gbé e lọ, torí gbogbo státíìkì tó jọ síbẹ̀ lè ta jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ohun tí olówó ìyẹ̀fun ò ní sọ fún yín nìyí: fún táǹkì, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ má nílò CNT rárá. Carbon veil wà, aṣọ fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi fáíbà kábọ́nù ṣe. Ẹ máa tẹ́ ẹ sójú inú táǹkì bí ẹ ṣe ń tẹ́ mat, ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn oníṣẹ́ táǹkì kẹ́míkà ti ń fi kápá státíìkì. Ojú yín rí i, ọwọ́ yín kàn án, kò ní eruku tó ń fò. Táǹkì tèmi, òun ni màá lò.

Àbúrò Òjéèrè, awọ tìẹ ṣeé ṣe. Àǹtí Físíìsì á ṣàlàyé ju èmi lọ.

Àǹtí Físíìsì, Ọbáńtokò

Mo gbà pẹ̀lú yín lórí carbon veil, ẹ ṣé gan-an.

Àbúrò, báyìí ni wọ́n ń ṣe é. Po CNT díẹ̀ sínú omi tó ní sodium dodecyl sulphate 1%. Ọ̀kan lára ohun tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ ni, SDS ni wọ́n ń pè é. Mílígíráàmù CNT kan sí mílílítà omi kan, kò yẹ kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbé e sábẹ́ sonicator, ẹ̀rọ tó ń fi ìró gbọn omi, kí o sì fi ife rẹ̀ sínú omi yìnyín kó má gbóná. Má jẹ́ kó pẹ́ jù níbẹ̀, nítorí ìró yẹn ń gé ọ̀pá náà kúrú, ọ̀pá kúkúrú kì í sì gbé iná dáadáa. Jẹ́ kó silẹ̀, kí o wá rọra da omi òkè kúrò lórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Omi òkè yẹn ni o fẹ́. Tó bá dára, dúdú ni gbogbo rẹ̀, o ò ní rí hóró kankan tó bá ń ṣàn lára gíláàsì.

Fi pọ́ǹpù fà á kọjá lórí membrane, asẹ́ fẹ́lẹ́ tí ihò rẹ̀ jẹ́ máíkrómítà 0.22 tàbí 0.45. CNT á tẹ́ sórí rẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kù díẹ̀ káàtó nìyí: wọn kì í fọ ọṣẹ kúrò. Ọṣẹ kì í gbé iná, ó sì ti wọ̀ sáàárín àwọn ọ̀pá náà. Máa da omi mímọ́ sí i, máa wo omi tó ń bọ́ sínú ìgò nísàlẹ̀. Tí o bá gbọn ìgò yẹn tó ṣì ń hó, kò tíì mọ́. Ìgbà tí kò bá hó mọ́ ni kí o tó gbẹ ẹ́, kí o sì ṣí i kúrò.

Fún hítà, lẹ bébà kọ́pà tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ etí méjèèjì tó dojú kọra, kí o fi ọ̀dà fàdákà tó ń gbé iná sáàárín, kí wọ́n lè kanra dáadáa. Wọn ohm rẹ̀ kí o tó so iná mọ́ ọn. Ká ní ohm 8 ni, bátìrì fóòtì (volt) 12 á fún ọ ní amp 1.5, ìyẹn wáàtì 18. Kí thermostat, ẹ̀rọ tó ń tan iná tó sì ń pa á bí ìgbóná bá ṣe rí, máa ṣọ́ ọ. Lẹ́yìn náà gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi nálọ́ọ̀nù bo káàdì ìdánimọ̀ ní Sápọ́n, kí wọ́n bá ọ bò ó lójú méjèèjì, ìyẹn ò ní jẹ́ kí eruku rẹ̀ jáde. Gọ́ọ̀mù inú nálọ́ọ̀nù yẹn máa ń rọ̀ tó bá gbóná jù, àmọ́ ti ẹyin ò ní gbóná dé ibẹ̀. Nínú ìwé rẹ, fi hítà yìí wé gílóòbù àti nichrome, wáyà tí wọ́n ń lò nínú hítà, kí o sì kọ iye owó wọn. Àǹfààní awọ náà ni pé gbogbo ojú rẹ̀ ló ń gbóná bákan náà. Ní ti owó, wáyà á ṣì dín.

Tí o bá fẹ́ mọ ẹni tó ń ṣe CNT fúnra rẹ̀ ní Nàìjíríà, ka ìwádìí àwọn ará FUT Minna. Wọ́n ń fi acetylene, gáàsì tí àwọn wẹ́dà ń lò, kọjá lórí hóró irin àti cobalt nínú iná ìléru, kábọ́nù á sì hù jáde lára rẹ̀.

Ààbò Iṣẹ́, Ẹwẹ́kòrò

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná. Ẹ ti sọ̀rọ̀ púpọ̀, ẹnikẹ́ni ò tíì sọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀fóró.

Iṣẹ́ mi ni láti máa ṣọ́ eruku nílé iṣẹ́. CNT fúyẹ́ débi pé tí ẹ bá ṣí ìdérí agolo rẹ̀ lábẹ́ fáànù, ẹ ò ní rí ibi tó gbà lọ. Lọ́dún 2008 àwọn olùwádìí ní Edinburgh fi CNT tó gùn tó sì le gbọn-in sínú ikùn eku. Ohun tí ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì gígùn ń ṣe náà ló ṣe níbẹ̀: ara eku wú, ẹran ara sì dì mọ́ ọn. Èyí tó kúrú tó sì lọ́ mọ́ra ò ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2014, IARC, àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ, ka irú kan tí wọ́n ń pè ní MWCNT-7 mọ́ ohun tó ṣeé ṣe kó fa jẹjẹrẹ fún èèyàn. Wọ́n ní ẹ̀rí lórí àwọn yòókù ò tíì tó láti dá wọn lẹ́jọ́ síbì kan. Ní Amẹ́ríkà, NIOSH, àjọ tó ń ṣèwádìí ààbò iṣẹ́, sọ lọ́dún 2013 pé kó má ju máíkrógíráàmù 1 lọ nínú mítà kúbíìkì afẹ́fẹ́ kan fún wákàtí mẹ́jọ iṣẹ́. Ojú èèyàn ò lè rí eruku tó kéré tó bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n Láfẹ́nwá, ọ̀rọ̀ Ọmọ Ẹ̀gbá ni kẹ́ ẹ dì mú: ẹ má ra ìyẹ̀fun. Èyí tí wọ́n ti pò sínú rẹ́síìnì ò ní fò. Àmọ́ ìgbà tẹ́ ẹ bá ń fi gíráńdà tàbí sáńpépà lọ ojú fáíbà tó ti gbẹ, eruku tún bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ fi omi lọ̀ ọ́. Ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá a, ẹ má fi búlóà fẹ́ ẹ. Aṣọ rírẹ ni kẹ́ ẹ fi nù ún, kẹ́ ẹ dì í sínú nálọ́ọ̀nù méjì. Aṣọ tẹ́ ẹ fi ń bo imú, àti èyí aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ń lò nílé ìwòsàn, kò dá a dúró o. Ìbòmú P100 tàbí FFP3 tó lẹ̀ mọ́ ojú dáadáa ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ má fi aṣọ iṣẹ́ yẹn gbé ọmọ nílé.

Àbúrò akẹ́kọ̀ọ́, ìwọ lo máa fọwọ́ kan ìyẹ̀fun, torí náà ọ̀rọ̀ yìí kàn ọ́ jù. Inú fume cupboard, kọ́bọ́ọ̀dù tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde, nílé ẹ̀kọ́ ni kí o ti wọ̀n ọ́n, ìbọ̀wọ́ nitrile méjì lọ́wọ́, kí o sì rọra fi omi rin ín kí o tó gbé e jáde. Má wọ̀n ọ́n ní hostel láé.

Fáíbà Láfẹ́nwá

Ọlọ́run á bù kún yín, ẹ̀yin àǹtí àti ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti sọ fún onítọ̀hún pé kó gbé ìyẹ̀fun rẹ̀ lọ. Ọmọ iṣẹ́ mi mẹ́rin ló ń mí afẹ́fẹ́ ṣọ́ọ̀bù yẹn.

Ìbéèrè kan kù. Tí mo bá lo gelcoat oní-CNT tàbí carbon veil, báwo ni màá ṣe mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́? Ṣé kò sì ní da hádínà mi, ohun tó ń mú kí rẹ́síìnì dì, rú?

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Jámánì

CNT lè mú kí rẹ́síìnì pẹ́ kó tó dì. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò nínú ife kékeré, kẹ́ ẹ ka ìṣẹ́jú tó fi dì, kẹ́ ẹ fi wé gelcoat yín lásán. Tó bá pẹ́, ẹ má ṣe tìtorí bẹ́ẹ̀ dàníyàn láti fi kún cobalt, ohun tó ń mú kó tètè dì, àti MEKP, hádínà yín, láìwọ̀n ọ́n. Ẹ sì mọ̀ jù mí lọ pé méjèèjì ò gbọdọ̀ kan ara wọn ní tààràtà, wọ́n á bú gbàmù. Kí cobalt kọ́kọ́ po mọ́ rẹ́síìnì tán ná.

Rewáyà Kútọ̀

Ibi tó kàn mí nìyí. Mítà kékeré tí à ń lò fún wáyà ilé kì í sábà kà kọjá megaohm 20, torí náà ó lè máa sọ fún yín pé iná ò kọjá rárá nígbà tó ń kọjá tó láti pa státíìkì. Megger fóòtì 500, ẹ̀rọ tó ń wọn ohm tó ga gan-an, ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ ya ìlà ọ̀dà fàdákà méjì sójú pátákó fáíbà tí ẹ ṣe fún àyẹ̀wò, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní mílímítà 100, kí àlàfo 10 wà láàárín wọn, kẹ́ ẹ wá fi Megger sí i. Ìlànà IEC, àjọ àgbáyé tó ń ṣe ìlànà iṣẹ́ iná, fún ohun èlò tí wọ́n ń gbé síbi tí gáàsì lè gbaná ni pé ohm rẹ̀ ò gbọdọ̀ kọjá 10⁹, ìyẹn megaohm 1,000. Tó bá wà lábẹ́ ìyẹn dáadáa, kódà nínú ọyẹ́, ọwọ́ yín mọ́. Ìgbà òjò máa ń tan èèyàn, torí omi inú afẹ́fẹ́ á lẹ̀ mọ́ ojú rẹ̀, á gbé iná, ẹ ó rò pé kábọ́nù ló gbé e.

Pátákó tí kò tíì rí epo rí nìkan ni kẹ́ ẹ fi Megger sí. Ẹ ò gbọdọ̀ gbé e wọ inú táǹkì tí epo ti wà rí.

Ẹ tún bi oníbàárà yín bóyá pẹtiróòlù máa ń wọ táǹkì yẹn nígbà mìíràn. Dísù nìkan kì í tètè gbaná, kì í yọ òórùn tó lè gbaná àfi tó bá gbóná kọjá 50°C. Ṣùgbọ́n tí pẹtiróòlù bá ti wà níbẹ̀ lánàá, tí ẹ wá ń da dísù sí i lónìí, òórùn pẹtiróòlù ṣì wà nínú rẹ̀, dísù tó ń ṣàn sì ni yóò dá státíìkì sílẹ̀. Iná tó ti jó ọ̀pọ̀ táńkà bẹ̀rẹ̀ báyẹn.

Fáíbà Láfẹ́nwá

Mo pè é báyìí, ó ní pẹtiróòlù máa ń wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ti sọ fún un pé dísù nìkan ni màá ṣe é fún, màá sì kọ ọ́ sára táǹkì náà gàdàgbà. Tí kò bá gbà, kó máa lo irin rẹ̀ lọ.

Màá ṣe pátákó mẹ́ta: fáíbà lásán, èyí tó ní carbon veil, àti èyí tí mo fi gelcoat oní-CNT bò. Bọ̀ọ̀dá Kútọ̀, ṣé mo lè gbé wọn wá kẹ́ ẹ bá mi fi Megger wò ó?

Rewáyà Kútọ̀

Ẹ gbé e wá lọ́jọ́ Sátidé lọ́sàn-án, tí oòrùn bá ti mú. Ẹ fi spirit nu ojú wọn ní alẹ́ Jímọ̀, kẹ́ ẹ fi bébà mímọ́ wé wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kẹ́ ẹ sì di etí wọn mú nìkan. Òógùn àtẹ́lẹwọ́ ní iyọ̀ nínú, á gbé iná, Megger ò sì ní mọ èwo ni ti òógùn, èwo ni ti kábọ́nù.